Ilé bíríkì ayé Agùdà ní Àjàṣẹ́: kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe kí ó má baà wó?

Ọmọ Agùdà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ wà níbí. Ilé kan wà ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀) tí bàbá tó bí bàbá wa àgbà kọ́, tí gbogbo ẹbí sì jọ ni ín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí àwọn Agùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bràsíl padà wá, kọ́. Bíríkì sísun ni wọ́n fi mọ iwájú rẹ̀, àwọn igun rẹ̀ àti àyíká àwọn fèrèsé rẹ̀ tí orí wọn tẹ̀ roboto, ṣùgbọ́n amọ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògiri inú. Ilẹ̀kùn ńlá wà ní àárín gbùngbùn, fèrèsé méjì wà ní ọ̀tún rẹ̀, méjì wà ní òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la ilé náà já láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé àgbàlá ẹ̀yìn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ará ilé fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri iwájú nítorí pé ó ń bó. Nísinsìnyí sìmẹ́ǹtì náà ti wú, ó ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, àwọn bíríkì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti rọ̀ débi pé èékánná lásán ń họ wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ògiri ti là láti igun fèrèsé òkè kan wá sí ìsàlẹ̀, ibi tí ó là náà sì ń tẹ̀lé àlàfo àárín bíríkì bí àtẹ̀gùn. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé kí a wó o, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe, irú oníṣẹ́ wo ni kí a sì pè?

Bíríkìlà Ouando

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú ilé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ó wó lé ẹnikẹ́ni lórí. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yẹn ni ó ń ba bíríkì yín jẹ́, ẹ kò sì ní láti tìtorí ìyẹn wó ilé.

Bíríkì ayé ìgbà náà, tí wọ́n fi igi sun nínú ebu, rọ̀ ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe lónìí lọ, ó sì máa ń fa omi. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà, sáà òjò méjì ni a sì ń rí lọ́dún, nítorí náà ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ máa ń tutù fún ọ̀pọ̀ oṣù, omi rẹ̀ a sì máa gba inú bíríkì gòkè. Àwọn tí wọ́n kọ́ ilé náà mọ̀ pé àwọn kò lè dá omi ọ̀hún dúró, wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí yóò máa gbà jáde: wọ́n fi amọ̀ tàbí ẹfun ìkọ́lé so bíríkì pọ̀, wọ́n fi ẹfun àti yanrìn rẹ́ ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa fa ọ̀rinrin náà jáde lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá fi sìmẹ́ǹtì bo ojú ògiri bẹ́ẹ̀, omi kò rí ibi gbà mọ́, yóò máa gòkè títí yóò fi rékọjá ibi tí sìmẹ́ǹtì dé, iyọ̀ tí ó gbé wá láti inú ilẹ̀ yóò dì sínú bíríkì, yóò sì máa ti ojú bíríkì kúrò díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Ẹ wo ẹ̀yìn pẹlẹbẹ sìmẹ́ǹtì tí ó bá já bọ́ dáadáa. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ẹnu tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò pẹ̀lú sùúrù. Kí ẹni tí yóò ṣe é fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù kékeré wọ abẹ́ rẹ̀ láti ibi tí ó ti wú, kí ó má ṣe fi òòlù gbá bíríkì lójú rárá. Ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ṣì di bíríkì mú gbọn-in, kí ó fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí bí ó bá fi agbára ya á, ojú bíríkì ni yóò bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ògiri wà ní ìhòòhò ní gbogbo àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ tí ó bá yọ síta, kí ẹ sì kó o dànù jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́.

Bíríkì tí iwájú rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dára bí ìgbà tí wọ́n gbé e jáde nínú ebu. Àlàfo àárín bíríkì, ẹ gbẹ́ ẹ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 2 ó kéré tán, kí àpòpọ̀ tuntun rí ibi dì mú. Àpòpọ̀ náà jẹ́ ìwọ̀n ẹfun 1 sí ìwọ̀n yanrìn 3, yanrìn tí a sẹ́, tí kò ní iyọ̀ nínú, tí kì í ṣe ti etí òkun. Ẹfun tí mò ń wí ni èyí tí àwọn oníṣòwò wa ń tà nínú àpò ní orúkọ chaux, tí ó yàtọ̀ sí ẹfun tí a fi ń kun ara. Láyé àtijọ́, ìkarahun ni wọ́n ń sun létí ọ̀sà láti fi ṣe é. Bí ẹ bá gún bíríkì fífọ́ kúnná, tí ẹ fi díẹ̀ lára rẹ̀ kún àpòpọ̀ náà, yóò tètè le, yóò sì lè fara da òjò. Ẹ fi omi rin bíríkì kí ẹ tó fi àpòpọ̀ sí i, kí ẹ sì fi àpò ìdọ̀họ tútù bo iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹfun kì í yára gbẹ bíi sìmẹ́ǹtì, oòrùn tàbí ọyẹ́ tí ó bá gbẹ ẹ́ lójijì yóò sọ ọ́ di ìyẹ̀pẹ̀. Ẹfun máa ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́, nítorí náà kí oníṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì dáàbò bo ojú rẹ̀.

Káfíńtà Kétu

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bàbá bíríkìlà, òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òrùlé ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òjò bá ń wọlé láti òkè, ohun yòówù tí a bá tún ṣe ní ìsàlẹ̀ yóò tún bàjẹ́ kí ọdún tó yí po. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé Agùdà yìí ni òrùlé wọn dà sí ọ̀nà mẹ́rin, ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé ní orí igun ilé sì ni páànù ti máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ gun àjà lọ ní ọ̀sán gangan, ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ dúró nínú òkùnkùn. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, omi ń gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn òrùlé, ẹ wo orí àwọn igi tí ó gbé ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àárín igi lè le koko nígbà tí orí rẹ̀ tí ó wọ inú ògiri ti jẹrà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ògiri ti ń bá a, afẹ́fẹ́ kì í sì í dé ibẹ̀. Ẹ mú irin ṣóńṣó, ẹ fi gún igi náà níbi tí ó ti wọ ògiri. Bí irin bá wọlé láìsí agbára, igi ti tán níbẹ̀. Ìrókò ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ikán kì í sì í yára jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ọlọ́dún gbọọrọ máa ń borí ìrókò pàápàá. A kò ní láti yọ gbogbo igi náà. A lè gé orí tí ó jẹrà, kí a fi ìrókò gbígbẹ tuntun so mọ́ ọn pẹ̀lú irin àti ìdè, kí a sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ yí orí tuntun náà ká nínú ògiri kí ó lè máa mí. Kí ẹ tó ṣe èyí, kí wọ́n fi òpó gbé ilẹ̀ òkè dúró láti ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn sí yàrá náà.

Àwọn ilẹ̀kùn fèrèsé onípákó wẹ́wẹ́ tí a tò ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gíláàsì àti álúmíníọ̀mù pààrọ̀ wọn. Àwọn ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí òjò ń rọ̀ àti nígbà tí oòrùn mú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé sì ń fa afẹ́fẹ́ náà lọ sí àgbàlá. Bí pákó wẹ́wẹ́ kan bá kán, a máa ń pààrọ̀ ẹyọ kan náà ni.

Ará Ọ̀gánlà

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Àwọn bíríkìlà tí wọ́n mọ iṣẹ́ ẹfun kò pọ̀ mọ́. Igi ìrókò ti wọ́n. Ẹbí ti pọ̀ ju yàrá ilé lọ, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ibi tí wọn yóò máa gbé, búlọ́ọ̀kù sì ni ohun tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ ọ́n fi kọ́. Bí kò bá sí owó láti tún un ṣe dáadáa, ṣé kò sàn kí wọ́n kọ́ ohun tí yóò wúlò fún wọn ju kí ilé náà máa wó díẹ̀díẹ̀ lójú wọn lọ?

Àǹtí Àkọ̀rọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí owó ni ó ń wó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Síbẹ̀, nínú ohun tí mo ti rí ní àdúgbò wa, àìfohùnṣọ̀kan ẹbí ń ṣáájú àìrówó. Ilé tí ogún ènìyàn jọ ni, kò sẹ́ni tí yóò na owó tirẹ̀ sí orí òrùlé rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò lọ máa háyà ilé gbé ní Kùtọnu, ẹnikẹ́ni kò ní gbá gọ́tà mọ́, ewé yóò dí ọ̀nà omi, igi ọ̀pọ̀tọ́ yóò sì hù sára ògiri.

Nítorí náà, Ọmọ Agùdà, ẹ pe ìpàdé ẹbí kí ẹ tó pe bíríkìlà. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn ìyá wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nótérì pé a kò ní tà á, a kò ní pín in, kí ẹ sì yan ẹni méjì tí yóò máa mójú tó o. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà tàbí tí wọ́n ń kó ọjà sí, òkè ni àwọn ará ilé ń gbé. Ẹ lè tún lò ó bẹ́ẹ̀: ẹ fi ìsàlẹ̀ háyà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wúwo, bíi aránṣọ tàbí ẹni tí ó ń ta ìwé, kí owó háyà náà wọ àpótí òrùlé, kí ó má wọ àpò ẹnikẹ́ni. Yàrá fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀yìn àgbàlá, kí ó má ṣe fara ti ògiri àtijọ́ náà. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe agboolé nìyẹn, ilé ń pọ̀ sí ẹ̀yìn, iwájú kì í yí padà.

Bíríkìlà Ouando

Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí ẹ ní kí wọ́n fi háyà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ewu jù. Ayálégbé yóò ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ̀, yóò sì fẹ́ la ògiri láàárín fèrèsé àti igun ilé. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Orí fèrèsé tí ó tẹ̀ roboto yẹn kò ní igi tàbí irin kankan nínú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọ́n fi pákó ṣe ibi tí bíríkì yóò jókòó lé, wọ́n tò wọ́n ní ìdúró láti ọ̀tún àti láti òsì, wọ́n fi èyí tí ó kẹ́yìn há wọn ní àárín, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ pákó kúrò. Láti ìgbà náà ni ẹrù òkè ti ń ti àwọn bíríkì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ògiri tí ó wà láàárín fèrèsé àti igun ilé sì ni ó ń gba títì náà dúró. Bí ẹ bá la ibẹ̀, fèrèsé yóò ṣí, ògiri òkè yóò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti ibi tí ó là bí àtẹ̀gùn, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé apá kan ìpìlẹ̀ ti rì. Ẹ kan ìṣó kékeré méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sínú àlàfo àárín bíríkì, ẹ wọn àárín wọn lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí iye náà kò bá yí padà láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìpìlẹ̀ ti jókòó, ẹ lè fi àpòpọ̀ ẹfun dí i. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, ẹ wá onímọ̀ ìpìlẹ̀. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí ní igun náà, nítorí gọ́tà tí ó já máa ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ igun ilé. Ẹ tún wo ojú ọ̀nà: níbi tí wọ́n bá ti tẹ́ ọ̀nà tuntun sí iwájú ilé àtijọ́, ọ̀nà lè ga ju ilẹ̀ ilé lọ, tí omi yóò fi máa ṣàn sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi tí ó dà kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe da kọ̀ǹkéré yí ilé ká, nítorí omi tí kò rí ọ̀nà jáde nínú ilẹ̀ yóò wọ inú ògiri.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí wọ́n fẹ́ wó o sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n lè má mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní Agùdà jẹ́ ọmọ Yorùbá àti ọmọ àwọn ilẹ̀ tí ó yí wa ká, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, pàápàá jù lọ sí Bahia. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti di òmìnira, ó lé àwọn kan lọ, ọ̀pọ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́, Àgùé àti Ìgléhuwé (Ouidah). Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ ní òdì kejì òkun ni wọ́n fi kọ́ ilé síbí: iwájú ilé tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín, òpó pẹlẹbẹ tí a fi ẹfun ya sára ògiri, òdòdó tí a fi ẹfun mọ sókè fèrèsé, àwọ̀ tí ó tàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé náà jẹ́ agboolé Yorùbá: àgbàlá, kànga, ibi ìdáná, yàrá àwọn ìyàwó àti ọmọ. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ kọ́ irú ilé yìí. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ní Èkó, João Baptista da Costa, tí òun náà jẹ́ Agùdà, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wó o, ẹ rántí ilé àwọn Fernandez ní Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar. Wọ́n kọ́ ọ ní 1855, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìkéde ìjọba nìkan kò gbà á là. Àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ààfin ọba wà lára àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, láti ọdún 1996 fún àgbéyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò wá wò bí ilé bá ti tán ní àdúgbò?

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ya àwòrán ilé náà kí oníṣẹ́ kankan tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ya gbogbo ojú ògiri, gbogbo fèrèsé, gbogbo òdòdó ẹfun, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, nítorí ìwọ̀n igun dé igun ni yóò fi hàn yín bí ògiri ti yẹ̀. Bí òdòdó ẹfun kan bá já bọ́ lọ́la, àwòrán yẹn ni oníṣẹ́ yóò fi mọ òmíràn. Ẹ tún lọ sí École du Patrimoine Africain tí ó wà ní ìlú wa láti 1998, iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìtọ́jú ohun ogún, wọ́n sì lè júwe oníṣẹ́ ẹfun fún yín.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ìbéèrè kan ni mo ní, nítorí àwa náà ní ilé amọ̀ àtijọ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Báwo ni ẹni tí kì í ṣe bíríkìlà yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n fi so bíríkì pọ̀? Ṣé a sì lè fi ọ̀dà kun ún lẹ́yìn àtúnṣe?

Bíríkìlà Ouando

Ẹ họ díẹ̀ nínú àlàfo àárín bíríkì, ẹ jù ú sínú ife omi. Bí ó bá yòrò, tí ó sọ omi di pupa, amọ̀ ni. Bí kò bá yòrò, ẹ kán ọtí kíkan sí òmíràn: ẹfun yóò hó, bẹ́ẹ̀ ni èékánná tàbí ìṣó yóò sì lè họ ọ́. Èyí tí ìṣó kò bá lè họ, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe àtúnṣe níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ibi tí wọ́n bá lo amọ̀, ẹ lo amọ̀.

Ọ̀dà olóròóró àti ọ̀dà oníke kò dára fún un, nítorí iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Ẹfun tí a po lọ́rọ̀ọ́ ni kí ẹ fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ po ilẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ olómi ọsàn tí a sẹ́ mọ́ ọn.

Ọmọ Agùdà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ẹbí, àwọn ìyá wa sì gbà pé kí a dá ọ̀rọ̀ wíwó dúró. A ti gun àjà. Ìmọ́lẹ̀ yọ ní igun tí ó wà lókè ibi tí ògiri ti là gan-an, gọ́tà ibẹ̀ sì ti já. Káfíńtà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òrùlé ní ìparí òjò. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ògiri ti gbẹ tó láti rẹ́ ẹ?

Bíríkìlà Ouando

Ẹ lẹ ọ̀rá funfun tí ó ga tó apá kan mọ́ ògiri ní alẹ́, kí ẹ dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí omi bá ti kóra jọ sí inú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò tíì gbẹ. Ẹ ṣe é ní ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ tún ṣe é ní ibi tí ó ga tó àyà, nítorí òkè máa ń gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀. Ilé tí sìmẹ́ǹtì ti wà lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè gba ọ̀gbẹlẹ̀ kan gbáko, nígbà mìíràn méjì. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbẹ, ẹ fi amọ̀ àti yanrìn rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ láti fi bo ojú rẹ̀ ná. Amọ̀ yẹn yóò máa fa iyọ̀ sára, ẹ ó sì họ ọ́ dànù nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kí ẹ tó fi ẹfun rẹ́ ẹ.